Wọ́n Ní Oògùn Fòníkú-fọ̀ladìde Ti Dé: Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Nínú Láàbù Yunifásítì Gan-an?

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Àbúrò, mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti rí oògùn tó ń wo SS sàn pátápátá. Jọ̀ọ́, bá mi wádìí ibi tí wọ́n ti ń tà á. Èló ni?" Àkọ́bí rẹ̀ ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ti ń bá fínra láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ oṣù mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá ní kó ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ fún un, kò ní sùn kó tó wá ẹni tó máa rà á.

Ìròyìn tó gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù yẹn ni àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìtọ́jú kan tí wọ́n ń pè ní Casgevy. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú, ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọ̀rọ̀ ti dà rú lórí fóònù. Àwọn kan ní yunifásítì kan ní Nàìjíríà ti rí oògùn ọ̀hún tipẹ́, ìjọba ló bò ó mọ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní pákò lásán ló ń wò ó. Àwọn kan sì ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé láàbù ò mọ̀ ju kí wọ́n máa gba owó lọ.

Ohun tó fa gbogbo èyí ni pé a máa ń gbọ́ pé "láàbù ti ṣàwárí", a ò sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé rẹ̀, nítorí pé ó ti gba ọwọ́ àwọn oníkẹ́mísírì kọjá, ó gba ọwọ́ àwọn onífísíìsì, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ ewé ní Ifẹ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wo kòkòrò àìfojúrí nínú omi iyọ̀.

Láàbù wo là ń sọ?

Láàbù tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ni ti ilé ìwòsàn. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín, ẹ ó jókòó dè wọ́n, wọ́n á fún yín ní ìwé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò nìyẹn. Ẹni tó ń ṣe é mọ ìbéèrè náà, ó mọ ọ̀nà tó máa gbà dáhùn rẹ̀, ó sì mọ irú ìdáhùn tó lè jáde. Ó dà bí ìgbà tí alápatà bá gbé ẹran sórí òṣùwọ̀n.

Láàbù ìwádìí ti yunifásítì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀ ni wọ́n ń lé níbẹ̀. Nígbà míì, òṣùwọ̀n gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ jókòó ṣe.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ló sábà máa ń jẹ́ olórí láàbù, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n fi ń pè é. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe másítà wà, àti àwọn tó ń ṣe PhD, pẹ̀lú tẹkinólójíìsì tó mọ ibi tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀. Orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń wà nínú omi títí di òru. Bí wọ́n bá rí nǹkan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń gbé iṣẹ́ ìwádìí jáde, àwọn onímọ̀ mìíràn tí kì í ṣe ará ilé wọn á yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, ohun tí láàbù yunifásítì ń bí kì í sábà ṣe oògùn. Ìmọ̀ ni. Oògùn lè tẹ̀lé e lẹ́yìn ogún ọdún, ó sì lè má tẹ̀lé e rárá.

Níbo ni ìwé genotype tí pásítọ̀ ń béèrè ti wá?

Ní ọdún 1910, dókítà kan ní Chicago tó ń jẹ́ James Herrick ròyìn ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti erékùṣù Grenada tó wá kọ́ iṣẹ́ eyín. Nígbà tí wọ́n fi maikiroskóòpù wo ẹ̀jẹ̀ náà, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó rí róbótó ti tẹ̀ bí dòjé. Fún nǹkan bí ogójì ọdún lẹ́yìn ìyẹn, dókítà ń rí dòjé náà, wọn ò mọ ohun tó tẹ̀ ẹ́.

Oníkẹ́mísírì tí kò tọ́jú aláìsàn kankan rí ló fọwọ́ bà á. Linus Pauling ni orúkọ rẹ̀, ní California Institute of Technology. Ó gbọ́ lẹ́nu dókítà kan pé sẹ́ẹ̀lì yìí máa ń tẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá dín kù. Ọkàn rẹ̀ lọ tààrà sí hemoglobin, ìyẹn ohun tó ń mú ẹ̀jẹ̀ pupa, tó sì ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Ó fi iṣẹ́ náà lé Harvey Itano lọ́wọ́, dókítà ọ̀dọ́ kan tó wá ṣe PhD lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú hemoglobin aláìsàn àti ti ẹni tí ara rẹ̀ dá, wọ́n fi iná mànàmáná lé wọn. Ìrìn wọn ò dọ́gba. Nígbà tí wọ́n mú ti ẹni tó gbé àbùdá náà láìṣàìsàn, irú méjèèjì ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1949 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa fi hàn pé àìsàn kan lè ti inú nǹkan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ wá.

Bí ẹ bá wọ láàbù ilé ìwòsàn wa lónìí nígbà tí wọ́n ń ṣe genotype, iṣẹ́ Itano lẹ ń wò. Wọ́n á fọ sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ yín, wọ́n á fi omi bẹ́ ẹ kí hemoglobin tú jáde. Wọ́n á fi ìwọ̀nba díẹ̀ báyìí kan etí pépà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé AS ni, kí wọ́n lè fi ti yín wé e. Wọ́n á tẹ́ pépà náà sínú àpótí ike kékeré tí omi wà ní igun rẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tan iná. Ìlà pupa kéékèèké á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí pépà náà lójú yín kòrókòró. A ló ń ṣíwájú, S ló ń tẹ̀ lé e. Bí ìlà bá wà níbi A nìkan, AA ni. Bí ó bá wà níbi S nìkan, SS ni. Bí ó bá wà ní méjèèjì, AS. Lẹ́tà méjì ló máa ń wà nínú ìwé náà nítorí pé ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ bàbá wá, ọ̀kan ti ọ̀dọ̀ ìyá.

Ní ọdún 1949 yẹn kan náà ni James Neel ní Yunifásítì Michigan fi hàn bí àrùn náà ṣe ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀, torí àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ń ba ilé jẹ́. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìpín kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ tọkọtaya rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tó ń bọ̀ ti bọ́ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà tí èèyàn bá kó ọmọ ayò padà sínú ọpọ́n ni, ọ̀tun ló ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo oyún. Mo mọ ilé tí mẹ́ta nínú mẹ́ta ti jẹ́ SS.

Kí ló bàjẹ́ nínú hemoglobin náà?

Pauling mọ̀ pé ó yàtọ̀, kò mọ ibi tó ti yàtọ̀. Ìdáhùn wá láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò ní ronú sí: láàbù físíìsì Cavendish ní Yunifásítì Cambridge. Max Perutz ti ń fi ẹ́síréè wo hemoglobin níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kó lè mọ bó ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí Vernon Ingram fi rí àyè jókòó ti ìbéèrè yìí.

Ẹ fojú inú wo hemoglobin bí okùn ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́rin tó lọ́ mọ́ra wọn. Irú okùn méjì ló wà, méjì méjì ní irú kan. Nínú irú kan, ìlẹ̀kẹ̀ 146 ló wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan, oríṣiríṣi àwọ̀, tí a sín tẹ̀léra wọn. Ingram mú oje kan tó ń já okùn náà sí wẹ́wẹ́, ó tẹ́ àwọn ègé náà sórí pépà kí wọ́n tàn káàkiri, ó ṣe ti AA, ó ṣe ti SS, ó wá fi wọ́n síra. Ní ọdún 1956 ó rí i pé gbogbo ojú àpá ló bára mu àfi ẹyọ kan. Ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ni wọ́n pààrọ̀. Ẹyọ kan nínú 146.

Àwa tó ń sọ Yorùbá kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu. Ẹ mú "ọkọ" kí ẹ fi àmì kan ṣoṣo sí i, ó ti di "ọkọ́". Ẹ sún àmì náà, ó di "ọkọ̀". Ọkọ ilé, ọkọ́ oko, ọkọ̀ ojú títì. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun yìí ń lẹ̀ mọ́ ara. Bí ọ́síjìn bá ti kúrò lára hemoglobin, S kan á lẹ̀ mọ́ S kejì, wọ́n á tò gbọọrọ bí ọ̀pá, ọ̀pá náà á ti sẹ́ẹ̀lì látinú, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó tẹ̀ kì í lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá. Ibi tó bá há sí ni ìrora ń gbé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọmọ bá ń ké "eegun mi, eegun mi" lóru, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Oníkẹ́mísírì nìkan ì bá máà dé ibẹ̀, dókítà nìkan ì bá máà dé ibẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè.

Kí ló dé tó fi wọ́pọ̀ láàárín wa?

Ibà ni. Ní ọdún 1954, Anthony Allison, ọmọ Yunifásítì Oxford tó dàgbà ní Kenya, fi hàn pé ibà kì í sábà ṣe ọmọ AS léṣe bó ti ń ṣe ọmọ AA. Níbi tí ẹ̀fọn bá pọ̀ sí, AS ń là á já ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ń bímọ, ó ń gbé S lọ síwájú. Ní Nàìjíríà lónìí, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní AS. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀run. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n kọ ilà àbíkú sí lára láyé àtijọ́ jẹ́ SS. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Kí ni Ifẹ̀ rí nínú orín àta?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ní Yunifásítì Ifẹ̀ tó ti di Obafemi Awolowo University lónìí, àwọn onímọ̀ oògùn ń yẹ pákò wa wò. Ìbéèrè wọn ò le: ṣé lóòótọ́ ni orín tí àwọn àgbà ń run láàárọ̀ máa ń pa kòkòrò ẹnu? Wọ́n rẹ orín sómi, wọ́n lo omi rẹ̀ nínú àwo tí wọ́n gbin kòkòrò àìfojúrí sí. Oúnjẹ tí wọ́n fi ń bọ́ kòkòrò yìí ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Ẹ̀jẹ̀ inú àwo kì í pẹ́ tó fi máa ń ṣá. Ṣùgbọ́n níbi tí omi orín àta bá wà, pupa rẹ̀ dúró fòò.

Ẹlòmíì ì bá fọ àwo náà, kó máa bá iṣẹ́ lọ. Wọn ò fọ̀ ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora àti ẹnì kejì rẹ̀, Isaacs, bi ara wọn pé bí orín yìí bá ń ṣe ohun kan fún ẹ̀jẹ̀, kí ni yóò ṣe fún ẹ̀jẹ̀ SS? Wọ́n da omi gbòǹgbò náà sí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà ń padà sí róbótó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1971, nígbà tó sì di 1975 wọ́n ti ròyìn ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí lára aláìsàn.

Bí ẹ bá ti run orín àta rí, ẹ mọ bó ṣe ń ta, tí ahọ́n á wá kú fún ìgbà díẹ̀. Igi inú igbó wa ni, ọwọ́ ọmọ wa ló sì kọ́kọ́ fi í wé àìsàn wa. Inú mi máa ń dùn gan-an sí iṣẹ́ yìí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ ọ́n.

Kí ló wá dé tí kò fi di oògùn?

Ìgò kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín, kò sì ní ikùn. Ohun tó na sẹ́ẹ̀lì nínú ìgò lè jẹ́ pé ẹ̀dọ̀ á ti fọ́ ọ kó tó dénú ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìwọ̀n tó máa ṣiṣẹ́ ti pọ̀ ju ohun tí kíndìnrín lè gbà. Gbòǹgbò tí a wú lẹ́ẹ̀rùn àti èyí tí a wú lójò lè má ní agbára kan náà. Láàbù gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an nínú omi náà, kó mọ̀ bóyá ó lè pa ẹranko, kó tó kan èèyàn díẹ̀ tí ara wọn le, kó tó kan aláìsàn díẹ̀, kó tó wá kan ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Iṣẹ́ orín àta ò tíì la gbogbo ìyẹn já. Ìdí nìyẹn tí a ò fi rí i nínú ìwé tí dókítà ń kọ fún wa.

Ẹ wo hydroxyurea, oògùn oníkápúsù tó ń ran SS lọ́wọ́ lónìí. Ọdún 1869 ni wọ́n kọ́kọ́ pò ó ní láàbù kan ní Jámánì. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń lò ó fún kí ẹnikẹ́ni tó rò ó wò fún SS. Ní ọdún 1995 ni wọ́n gbé àbájáde ìdánwò ńlá rẹ̀ jáde, èyí tí dókítà kan láti Johns Hopkins darí. Àgbàlagbà 299 ló kópa nínú rẹ̀. Nǹkan bí ìdajì gba oògùn náà, àwọn yòókù gba kápúsù tó jọ ọ́ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Aláìsàn ò mọ èyí tó ń gbé mì, dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ náà ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n á ní ìwà ìkà ni. Ṣùgbọ́n ìrora fòníkú-fọ̀ladìde fúnra rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Bí a bá fún aláìsàn ní àgbo lónìí tí ara sì tù ú lọ́la, báwo la ṣe máa mọ̀ pé àgbo ló ṣe é? Àfi kí a ní ẹgbẹ́ kejì tí a máa fi wé e, bí ẹ̀jẹ̀ AS tí wọ́n ń kán sí ẹ̀gbẹ́ pépà yẹn. Àwọn tó lo oògùn náà ní ìrora ńlá bí ìgbà méjì ààbọ̀ lọ́dún, àwọn kejì ní bí ìgbà mẹ́rin ààbọ̀. Ní 1998 ni Amẹ́ríkà tó fọwọ́ sí i fún SS. Láti ìgbà tí wọ́n ti pò ó, ọdún 129.

Ti Niprisan, oògùn àgbo kan tí wọ́n ṣe fún SS, ni àwọn èèyàn ń sọ nígbà tí wọ́n bá ní ìjọba bo nǹkan mọ́lẹ̀. Láàbù rẹ̀ kì í ṣe ti yunifásítì, ti ìjọba àpapọ̀ ni, ibùdó ìwádìí oògùn tí wọ́n ń pè ní NIPRD ní Àbújá. Onísègùn ìbílẹ̀ kan, Rẹ́fẹ́rẹ́ǹdì Ogunyale, ló fún wọn ní ìwé àgbo ìdílé rẹ̀: iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára èèyàn, àbájáde rẹ̀ sì dára. Ní 2002 wọ́n fún ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, láṣẹ láti máa ṣe é. Ní 2006 ó jáde pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008 Xechem wọ gbèsè, ó kéde pé òun ò lè san án. Ẹ kíyè sí i: ibi tí nǹkan ti já kì í ṣe inú ìgò. Láàárín láàbù àti káńtà oníkẹ́mísì ni, níbi tí owó ńlá àti ilé-iṣẹ́ tó dúró sán-ún ti gbọ́dọ̀ wà.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn nílé. Mo dúró rí nínú láàbù yunifásítì kan tí mi ò ní dárúkọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìrísà tó yẹ kó wà ní ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo. Nọ́ńbà pupa ojú rẹ̀ ń gùn: 71, 64, 58. Iná ti lọ láti òru, dísù ti tán nínú jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan fi ọdún méjì gbà lọ́wọ́ àwọn aláìsàn ló wà nínú rẹ̀. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó sáré jáde lọ wá dísù. TETFund ń fún àwọn yunifásítì ìjọba lówó ìwádìí, ó sì ń ṣèrànwọ́, ṣùgbọ́n owó ìwádìí tó yẹ kó ra èròjà ló tún ń ra dísù.

Mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo iṣẹ́ láàbù ló ń fa ọdún. Bí irinṣẹ́ bá wà nílẹ̀ tí ọwọ́ sì mọ̀ ọ́n, ó máa ń yá. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, láàbù Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìṣègùn Yunifásítì Èkó àti ti Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ ló dá a mọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ọdún 2020, àwọn ará Ẹdẹ yìí kan náà ka jíìnì kòrónà tó kọ́kọ́ wọ Nàìjíríà láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Kí ni omi iyọ̀ ilẹ̀ Spain ní í ṣe pẹ̀lú eegun ọmọ wa?

Ìbéèrè tó ń bí ọ̀pọ̀ èèyàn nínú nìyí: kí ló dé tí ọ̀jọ̀gbọ́n á fi gba owó láti máa wo kòkòrò tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan? Ẹ gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Francisco Mojica ní Yunifásítì Alicante ń wo ohun abẹ̀mí tíntìntín kan tó ń gbé nínú adágún iyọ̀ lẹ́bàá òkun. Ó rí nínú DNA rẹ̀, ìyẹn ìlànà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ti òbí dé ọmọ, àwọn lẹ́tà kan tó ń padà wá ṣáá, bí ègbè orin. Láàárín ègbè kan sí èkejì ni ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀ wà, bí lílé. Àwọn ará Yunifásítì Osaka ti rí irú ègbè bẹ́ẹ̀ ní 1987 nínú kòkòrò mìíràn, wọn ò mọ ohun tó jẹ́. Mojica ò fi í sílẹ̀. Nígbà tó máa fi di 2005 ó ti rí i pé lílé yẹn, ègé ara àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ti gbógun ti kòkòrò náà rí ni. Kòkòrò ń kọ orúkọ ọ̀tá sílẹ̀ kó lè dá a mọ̀ bó bá padà wá, kó sì gé e sí méjì. CRISPR ni wọ́n ń pe ètò yìí.

Ní 2012, Jennifer Doudna ní Yunifásítì California ní Berkeley àti Emmanuelle Charpentier tó wà ní Yunifásítì Umeå ní Sweden nígbà náà fi hàn pé èèyàn lè darí abẹ náà síbi tó bá wù ú nínú DNA. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì fún un ní 2020.

Ibo ni kí a wá fi abẹ náà gé? Láàbù mìíràn ti ní ìdáhùn. Ní 1948, dókítà Janet Watson ní New York kíyè sí i pé SS kì í hàn lára ọmọ tuntun jòjòló. Irú hemoglobin mìíràn ni ọlẹ̀ ń lò nínú ìyá rẹ̀, kì í tẹ̀, ó sì máa ń kù lára ọmọ fún oṣù díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi sùn dáadáa títí ó fi pé oṣù mẹ́jọ. Ó dà bí ìyá àgbà tó ń ta ọjà tó dára, tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nígbà tí ọmọ gba ọjà náà. Ọmọ wá ń ta ọjà tó ti bàjẹ́. Ní 2008, láàbù Stuart Orkin ní Harvard fi hàn pé jíìnì kan (ègé DNA kan) tó ń jẹ́ BCL11A ni àgádágodo tó wà lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù ìyá àgbà. Casgevy kò tún ìlẹ̀kẹ̀ kẹfà ṣe. Àgádágodo yẹn ló ń já, kí ìyá àgbà lè padà sídìí ọjà.

Ṣé a lè rà á?

Kì í ṣe oògùn tí wọ́n ń rà nínú páálí. Wọ́n á fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa fi CRISPR gé e. Nígbà tó bá padà dé, wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn líle tó máa fọ mùdùnmúdùn eegun rẹ̀ nù, irú tí wọ́n ń fún ẹni tó ní jẹjẹrẹ, tó sì lè dí ọmọ bíbí lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá sẹ́ẹ̀lì náà padà sára rẹ̀, á sì wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ní 2023, ẹni ọdún 12 sókè ni wọ́n fọwọ́ sí i fún. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n tẹ̀lé pẹ́ tó láti ṣírò, 29 lo odidi ọdún kan, ó kéré tán, láìní ìrora ńlá. Iye tí wọ́n fi lé e ní Amẹ́ríkà nígbà náà ni mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan.

Mo jókòó pẹ́ kí n tó dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. Mo sọ iye rẹ̀ fún un. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo wá bi í léèrè, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn dókítà ti bá yín sọ̀rọ̀ hydroxyurea rí?" Ó ní òun ò gbọ́ orúkọ yẹn rí, fólíìkì ásíìdì àti Paludrine nìkan ni òun mọ̀. Mo ní kí ó má ra nǹkan kan fúnra rẹ̀, kó kọ orúkọ náà sílẹ̀ kó mú un lọ bá dókítà, torí pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò déédéé tó bá ń lò ó.

Wọ́n lọ ní oṣù Kìíní. Ọmọ náà ti wà lórí rẹ̀ láti ìgbà náà. Ó ṣì máa ń rẹ̀ ẹ́ nígbà míì, ṣùgbọ́n ó parí táàmù méjì láìsùn sí wọ́ọ̀dù. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń ya fọ́tò ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Èyí tó dé kẹ́yìn, ó ti fi bírò pupa yí ìlà kan ká, ó sì kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Àbúrò, èyí ń lọ sókè. Ṣé ibi tó yẹ kó lọ nìyẹn?" Hemoglobin ìyá àgbà ni.